Ìdarí Eré Mọ́tò Kékeré: Ìtàn Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Mọ́tò kékeré tó ń fi iná mànàmáná yí ló wà nínú fáànù, lára ẹ̀rọ ìránṣọ àti lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ní Agoua ní ìjọba ìbílẹ̀ Bantè, àti ní Savalou tí gààrí sohoui rẹ̀ gbayì káàkiri ilẹ̀ Benin, iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Ṣùgbọ́n eré tí aránṣọ ń wá kọ́ ni onígààrí ń wá. Aránṣọ fẹ́ kí abẹ́rẹ́ rọra rìn ní ọrùn aṣọ, kó sì sáré ní etí aṣọ tó gùn gbọọrọ. Onígààrí fẹ́ agbára tí kò ní yẹ̀ nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá há.

Ìgbà rẹsísítọ̀

Ní 1821, Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé wáyà tí iná ń gbà kọjá lè máa yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà. Ní 1837, Thomas Davenport gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí mọ́tò tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ owó bátìrì kò jẹ́ kó tà. Ní 1873, ní Vienna, Zénobe Gramme fi iná ẹ̀rọ amúnáwá kan yí òmíràn bíi mọ́tò, ọ̀nà sì là.

Rẹsísítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dín eré kù. Ó ń dènà iná díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n òfò rẹ̀ pọ̀. Bí bátìrì bá jẹ́ fóltì 12, tí 6 péré dé ọ̀dọ̀ mọ́tò tó ń fa ámpìà 2, wáàtì 12 ti di ooru lásán. Iye kan náà ni mọ́tò fi ṣiṣẹ́. Pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ ń lo ọgbọ́n yìí. Àwo káábọ̀n pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wà nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, iná a ráyè kọjá, ẹ̀rọ a sáré. Bí ẹsẹ̀ bá dẹ̀, ẹ̀rọ a rọra. Bí aránṣọ bá rọra rán an títí, pẹ́dà náà á gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní 1891, Harry Ward Leonard gba ọ̀nà mìíràn: ó fi amúnáwá tí fóltì rẹ̀ ṣe é yí sókè sódò bọ́ mọ́tò. Ó dára fún iṣẹ́ ńlá, ó wọ́n jù fún iṣẹ́ kékeré.

Mọ́tò tí kò ní káábọ̀n

Ní 1888, Nikola Tesla gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí mọ́tò tí kò nílò káábọ̀n, ìyẹn èyí tó ń gbé iná wọ inú apá tó ń yí nínú mọ́tò mìíràn, tó sì máa ń jẹ tán. Ní 1889, Dolivo-Dobrovolsky tún un ṣe ní Jámánì. Mọ́tò yìí lágbára, kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìlù tí iná bá lù ló ń jó. Iná ilẹ̀ Benin ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, mọ́tò tó ní ojú òòfà méjì kò lè kọjá ìyípo 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ní mẹ́rin kò lè kọjá 1500.

Bí a bá dín fóltì rẹ̀ kù sí ìdajì, agbára ìyípo rẹ̀ á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Fáànù lè fara da èyí, torí pé bí eré rẹ̀ bá ti ń dínkù ni afẹ́fẹ́ tó ń tì ń fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí régúlétọ̀ tó ń lo kọ́ìlì tàbí kápásítọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kò lè fara dà á: mọ́tò á dúró, á máa fa iná, kọ́ìlì á sì jóná.

Ìgbà ẹlẹ́tíróníìkì

Ní 1957, ilé iṣẹ́ General Electric ṣe tárísítọ̀ jáde. Tráyákì tẹ̀lé e. Àwọn wọ̀nyí ń gé apá kan nínú ìgbì iná kúrò dípò kí wọ́n sọ ọ́ di ooru. Tíránsítọ̀ náà, tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní 1947, di ohun tó ń tan iná mọ́tò, tó sì ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò títàn bá ṣe pẹ́ sí ni eré ṣe ń pọ̀ sí. Tíránsítọ̀ yìí náà ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń yí ìlù iná fúnra rẹ̀ padà, tí mọ́tò Tesla fi lè rọra láì pàdánù agbára.

Èwo ni ká yàn?

Fún ẹ̀rọ ìránṣọ tó ní káábọ̀n, pẹ́dà ẹlẹ́tíróníìkì tó ń gé ìgbì iná ló dára jù. Fún mọ́tò tó ń jẹ iná sólà tàbí bátìrì, ọ̀nà títàn àti pípa ni kí a lò. Rẹsísítọ̀ á fi iná tí a fi owó ra ṣòfò. Fún fáànù, régúlétọ̀ kápásítọ̀ tó.

Fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, bẹ́líìtì àti púlì ni mo fara mọ́. Bí púlì mọ́tò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ti ẹ̀rọ jẹ́ 20, ìyípo 1400 á di 700, agbára ìyípo á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò sí ohun ẹlẹ́tíróníìkì kankan tí òjò tàbí eruku lè bà jẹ́ níbẹ̀. Bó bá pọn dandan kí eré máa yí padà, kí a ra mọ́tò onífáàsì mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí ìlù iná padà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onífáàsì kan tó ń lo kápásítọ̀ kò bá a mu.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò yín, ẹ wo bóyá ó ní káábọ̀n, kí ẹ sì ro bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí kò ní ra ohun tí kò bá mọ́tò rẹ̀ mu.