Ìléròrò Etí Ètè àti Oògùn tí Kò Gba Ìdádúró

Bí ẹnìkan ní Abúlé Òkúta, lẹ́bàá Bàrígà, bá jí láàárọ̀ tí ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi so jọ sí etí ètè rẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ibà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Oògùn ibà ni yóò sì lọ rà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ara gbígbóná a máa jí àrùn yìí. Ṣùgbọ́n ibà kọ́ ló bí i. Fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní herpes simplex ni. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń rákò. Láti kékeré ni ó ti ń wọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa itọ́ àti ìfẹnukonu. Yóò wá sá pamọ́ sínú iṣan ìmọ̀lára ojú, títí ibà, oòrùn tàbí àárẹ̀ yóò fi jí i. Oògùn ibà kò kàn án rárá.

Ó pẹ́ kí a tó rí èyí tí ó kàn án. Ní 1959, William Prusoff ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe idoxuridine, tí àwọn dókítà lò fún àrùn yìí nínú ojú ní 1962. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà ti ń ba fáírọ́ọ̀sì jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn jẹ́. Gertrude Elion, Howard Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé iṣẹ́ Burroughs Wellcome ló tú kókó náà: ní 1977 àti 1978 ni wọ́n tẹ ìwádìí wọn lórí acyclovir jáde. Elion yìí, àwọn ilé ìwádìí ti kọ̀ ọ́ nígbà èwe rẹ̀ nítorí pé obìnrin ni, kò sì kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1988 ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Acyclovir a wọ inú ara bí ẹni tí ó sùn; èròjà kan tí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń pèsè ni yóò jí i. Níbi tí ó bá jí, ìbísí fáírọ́ọ̀sì dúró. Kò lè ṣe nǹkan kan fún èyí tí ó ti bí sílẹ̀, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó sùn sínú iṣan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ètè ń yún, tí ó ń ta, tí ìléròrò kò tí ì yọ, ni kí àgbàlagbà lò ó. Ní 2002, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo valacyclovir, ìbátan rẹ̀, fún ọjọ́ kan péré: gírámù 2 lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 12 láàárín wọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò le gbọ́dọ̀ bi dókítà kọ́kọ́.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bí ọjọ́ kan ni ó ń dín kù. Ẹni tí ó bá wo owó oògùn lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìléròrò ètè a máa san fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ojú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Ó lè fọ́ ojú. Ti ọmọ tuntun ló burú jù. Ní ọjọ́ ìkómọ, tí ẹbí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tí ìléròrò wà létí ètè rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọmọ náà, nítorí àrùn yìí lè dé ọpọlọ ọmọ, kí ó sì pa á. Bí ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ìléròrò yọ sí i lára, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní wákàtí náà. Acyclovir náà ni wọn yóò fà sí i lójú iṣan: ọjọ́ 14 bí ó bá mọ sí awọ ara, ọjọ́ 21 ó kéré tán bí ó bá ti dé ọpọlọ.