Màlúù, Ẹ̀ẹ̀rùn àti Ilẹ̀ Ọ̀dàn ní Àríwá Èkìtì

Láti Ìdó àti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, títí kan ààlà Kwara àti Kogi, igbó dúdú ilẹ̀ Èkìtì ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn, èyíinì ni pápá gbalasa tí koríko gíga ti pọ̀ ju igi lọ. Orí àpáta ni ilẹ̀ ibẹ̀ wà, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni yangí, òkúta pupa tí irin wà nínú rẹ̀, ti sún mọ́ òkè, débi pé inú ìwọ̀nba erùpẹ̀ dúdú tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà ń dá sílẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ilẹ̀ wà. Ohun tí pátákò màlúù ń ṣe sí irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yàtọ̀ gidigidi sí ohun tó ń ṣe nígbà òjò.

Nígbà àtijọ́, muturu, màlúù kúkúrú tí kò ní iké, ló wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú etí igbó ilẹ̀ Yorùbá. Màlúù funfun oníké ti àwọn Fúlàní kò lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí tsetse, eṣinṣin amùjẹ̀ tó ń kó àìsàn sámórè ran ẹran, èyí tó ń mú kí ẹran rù títí yóò fi kú. Nígbà òjò, eṣinṣin yìí a tàn ká ọ̀dàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, oòrùn àti ọyẹ́ a lé e padà sí ibòji etí odò. Ìdí nìyí tí àwọn darandaran fi ń sọ̀kalẹ̀ wá láti Òkè Ọya láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, tí wọ́n sì ń kó ẹran wọn padà kí òjò tó rinlẹ̀.

Àlọ àti àbọ̀ yìí ṣe ilẹ̀ lóore, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó torí ilẹ̀ ṣe é. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í tètè kì mọ́lẹ̀ lábẹ́ pátákò, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran sì di ajílẹ̀. Nígbà tí òjò bá sì dé, màlúù ti lọ, koríko a sì rí àyè ta gbòǹgbò. Iná nìkan ni kò ṣe é yìn, yálà darandaran ló sun pápá kí eéhù tútù lè yọ, tàbí àgbẹ̀, tàbí ọdẹ. Ó ń gbé nitrogen, èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, lọ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú ilẹ̀ sí ìhòòhò de òjò àkọ́rọ̀, títí ẹ̀kan, koríko líle tí iná kì í rí gbòǹgbò rẹ̀ pa, yóò fi gba pápá náà.

Láti àwọn ọdún 1950 lọ ni nǹkan yí padà: abẹ́rẹ́ sámórè dé, àwọn àgbẹ̀ ṣán igbó tí eṣinṣin ń sá sí, ọ̀dá ńlá etí aṣálẹ̀ Sàhárà ní 1972 sí 1973 àti ní 1983 sí 1984 sì ti ọ̀pọ̀ agbo ẹran wá sí gúúsù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀rùn nìkan tẹ̀dó sí gáà, ibùdó àwọn darandaran, wọn kò sì padà mọ́. Nígbà náà ni pátákò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ rírin, ó ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ekòló àti ikán gbẹ́, èyí tí omi òjò ń bá wọlẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà wọlẹ̀ di ọ̀gbàrá, ó sì wọ́ erùpẹ̀ dúdú náà lọ sínú odò. Ojú gáà fúnra rẹ̀ ń sanra, nítorí ìgbẹ́ tó ń ṣù jọ síbẹ̀ lóru, àgbàdo sì ń ṣe dáadáa lórí ahoro gáà. Ṣùgbọ́n láti ara pápá tó yí i ká ni ọ̀rá náà ti wá, pápá ọ̀hún kò sì rí i gbà padà.

Ìpànìyàn tí wọ́n ní àwọn darandaran ṣe ní Òkè Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ní oṣù karùn-ún 2016, ló mú kí Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣé fọwọ́ sí òfin ìdaranjẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún náà. Òfin náà fi ìjẹko mọ sí ilẹ̀ tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀, láti aago méje òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ààbò ẹ̀mí ló bí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ kékeré tí ẹran ń tẹ̀ láti ọdún dé ọdún yóò tètè ṣá ju ọ̀dàn gbalasa lọ, àfi bí a bá pín in sí abala, tí abala kọ̀ọ̀kan sì ń rí ìsinmi nígbà òjò. Ìkọ̀lé gan-an ni ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, wà. Ó yẹ kí wọ́n bá wa wọn ọ̀rá ilẹ̀ tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ kí màlúù àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan.