Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Oògùn

Àwọn àgbà ní àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Òwe yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ aláìsàn kan wà tí ó ti pẹ́ tí a ti ń yọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún. Ìjọba pè é ní ọ̀daràn, ẹbí pè é ní ọmọ burúkú, aládùúgbò sì pè é ní wèrè.

Ọwọ́ èmi pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní 1987, ní agboolé wa ní Ìlọrin, mo wà lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tí wọ́n di ọmọ àbúrò bàbá mi mú kí àwọn àgbà lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ òpó. Igbó àti ọtí líle ni ó ń mu. A ti kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí a bá lẹ́nu ọ̀nà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí ó lọ jáwọ́ ná kí ó tó wá. Ní òru ọjọ́ kejì tí a dè é, gìrì mú un. A ní àǹjọ̀nú ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Ọ̀nà méjì ni orílẹ̀-èdè yìí ti gbà kojú ọ̀ràn náà. Ọ̀nà kìíní ni ti òfin. Ní 1966, ìjọba ológun pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbin igbó yóò kú tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ó kéré tán. Ẹni tí ń mu ún náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Òfin ọdún 1989 ni ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti ìwòsàn. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Àrò ká ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn bí tiwọn. Ní 1964, Dókítà Tolani Asuni kọ̀wé nípa igbó àti àrùn ọpọlọ. Ní 1965, Lambo náà kọ̀wé nípa bárakú oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ojú ìṣègùn ni àwọn méjèèjì fi wò ó.

Ìlọrin kò gbẹ́yìn. Láàárín 1992 sí 1994, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìlọrin, bíi Adélékàn, Abíọ́dún àti Ògúnrẹmí, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mu. Nítorí náà, àwọn kan mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìmọ̀ náà jókòó sí. Kò tètè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà.

Ní 2018, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kodéènì, NAFDAC ti ilé iṣẹ́ apòògùn mẹ́ta pa. Ìlọrin ni méjì wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tí ó lé ní 100 jáde nínú ilé ìtúnwàṣe kan tí kò gbàṣẹ, ní Gáà-Odòta, ní Ìlọrin kan náà. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò ya èmi lẹ́nu. Mo mọ ohun tí ń mú òbí gbé ọmọ lọ sí irú ibẹ̀: ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti gbà á ni wọ́n ti lé e.

Kí ni olùtọ́jú nílò láti kọ́? Láti 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pẹ̀lú owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti fi ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Treatnet kọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbaninímọ̀ràn ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí ọmọlúàbí: kí a bi aláìsàn ní ohun tí ó ń mu, bí ó ti pọ̀ tó àti ìgbà tí ó mu ún kẹ́yìn, kí a má sì bú u, kí a tẹ́tí sí i títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi fẹ́ jáwọ́, kí a mọ̀ pé bí ó bá tún padà sídìí rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún gbéra ni, ìtọ́jú ni ó kàn, kì í ṣe èébú. Ó sì tún kọ́ni ní ohun tí n kò mọ̀ ní 1987: ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí a bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, ó sì lè pa á. Oògùn tí ń dènà rẹ̀ wà.

Ìwádìí ìjọba tí a gbé jáde ní 2019 ní 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni ó ti ṣe lọ́ṣẹ́. Àwọn onímọ̀ díẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kò lè dá wọn tọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí a bu ọwọ́ lù ní 2023 dára, ṣùgbọ́n òfin kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí aláìsàn. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í burú títí kí a lé e fún ẹkùn pa jẹ. Lọ́jọ́ tí òbí kan bá tún mú ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde ni yóò pinnu bóyá orí ibùsùn ni ọmọ náà yóò sùn sí, tàbí ìdí òpó.