Ìkòyí ti Èkó

Ìkòyí jẹ́ àdúgbò kan lápá ìlà-oòrùn Erékùṣù Èkó, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Ọ̀sà ló wà ní àríwá rẹ̀, omi Five Cowries sì là á kúrò lára Victoria Island ní gúúsù. Bí ará Èkó bá ní lágbájá ń gbé Ìkòyí, owó ló ń bá ẹ sọ, kì í ṣe àdírẹ́sì. Ìkòyí àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun, kọ́ nìyí o. Ìlú yẹn wà lápá Ọ̀yọ́. Ìdílé Oníkòyí ti Èkó, tí olórí wọn wà lára àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó gbà á.

Òyìnbó gbà á nítorí àtiya ara wọn sọ́tọ̀. Kòtò omi tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà William MacGregor pè ti là á kúrò lára Ìsàlẹ̀ Èkó àti àwọn àdúgbò tó kún fọ́fọ́. Lórí odidi Nàìjíríà, èrò Lugard, Gómìnà Àgbà òyìnbó, ni pé kí ilẹ̀ gbalasa tó fẹ̀ ní 440 yáàdì wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé ènìyàn dúdú, kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà kọjá. Àmọ́ àwọn dúdú tó ń se oúnjẹ wọn, tó ń fọ aṣọ wọn, tó ń gbé ọmọ wọn pọ̀n, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sùn, nínú bọ́ìsìkọ́tà. Ìyẹn kò tó 40 yáàdì. Láti ìgbà náà ni oríṣi ènìyàn méjì ti ń gbé Ìkòyí, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà títí di òní.

Lọ́dún 1947, hótẹ́ẹ̀lì kan lÉkòó kò fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán wá láti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ mú kí ìjọba fòpin sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé òyìnbó, lẹ́yìn òmìnira wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn adájọ́ àti ọ̀gá ṣójà náà dé. Orúkọ títì kò yí padà púpọ̀: Glover, Bourdillon, Thompson, Cameron, gómìnà ni gbogbo wọn. Kingsway ló di Alfred Rewane, baba olóṣèlú tí wọ́n pa nílé rẹ̀ lọ́dún 1995.

Ilé ìgbà òyìnbó kì í ga, ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ fẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, igi máńgòrò, koríko tí wọ́n ń gé. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá 1991, àwọn tó ń gbé ilé ìjọba tẹ̀lé e. Federal Secretariat, ilé àwòṣífìlà tó kún fún òṣìṣẹ́ nígbà kan, di òkú ilé lójú ọ̀nà. Lásìkò Ààrẹ Obasanjo ni ìjọba àpapọ̀ ta àwọn ilé rẹ̀ tó kù. Ẹni tó rà á kì í fẹ́ koríko; ó wó o, ó sì kọ́ àjà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí ilẹ̀ tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ kò sí, wọ́n da yanrìn sọ́sà: bẹ́ẹ̀ ni Banana Island ṣe jáde, tí wáyà iná rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀.

Ta ló wá ń gbé níbẹ̀? Àwọn ọ̀gá báńkì, elépo, lọ́yà, olóṣèlú, ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà tí òwò mú dúró, òyìnbó tí iléeṣẹ́ ń san owó ilé fún. Ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè owó ilé ní dọ́là. Àwọn ilé kan wà tí kò sẹ́ni tó ń gbé wọn: ní Oṣù Kẹrin 2017, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, bá dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 43 nínú fúláàtì kan ní Osborne. Owó náà ni ayálégbé.

Iye èèyàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,013,534. Ìjọba Èkó ní wọ́n jẹ́ 17,552,942. Fún Etí-Ọ̀sà, àpapọ̀ kò ka tó 300,000, Èkó sì ka ohun tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Iye yòówù kí a mú, ìbéèrè tèmi ni bóyá ẹni tó ń kànìyàn dé bọ́ìsìkọ́tà. Ibẹ̀ ni mègádì ará Òkè-Ọya wà, kúùkù ará Kútọnu tàbí Tógò, awakọ̀, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti abúlé. Èdè Yorùbá tí a máa ń gbọ́ lágbàlá Ìkòyí, ẹnu wọn ló pọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ onílé ń sọ.

Ìgbé ayé níwájú ilé rọrùn, ó sì wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, bọhóò wà, síkiọ́rítì ń ṣọ́ géètì. Ikoyi Club, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938 fún òyìnbó, ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Lówùúrọ̀ wọ́n ń sáré lórí afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, omi kì í bi olówó léèrè: koríko ti di íńtálọ́ọ̀kì, kò sí ibi tí omi yóò rọ́ sí, jíìpù ń wẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ ní Gerrard Road wó. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú. Olówó ilé náà wà lára wọn, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá jẹun òòjọ́.

Irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Ọbaléndé, tó múlé gbe Ìkòyí, ń gbà nírọ̀lẹ́. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbòmíràn ló tẹ ibẹ̀ dó, orúkọ náà sì sọ ẹni tó lé wọn dé. Láti Oṣù Kẹfà 2022 ni ọ̀kadà kò ti gbọdọ̀ wọ Etí-Ọ̀sà mọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń rìn láti géètì ẹ̀síteètì. Wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á tò fún dáńfó, kọ̀ńdọ́ á sì máa ké: Ọ̀ṣòdì, Ọ̀ṣòdì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!