Íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé àti ìpè orí rẹ̀: èwo ni kí onílé yàn?

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń lo síìmù: ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yá níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Èkejì ni okùn fáíbà tí wọ́n ń fà wọlé: ó yára, ó sì dúró ṣinṣin, àmọ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò ni kò tíì dé. Ẹ̀kẹta ni ti sátẹ́láìtì, bíi Starlink tó dé lọ́dún 2023: ó ń dé abúlé tí kò ní òpó, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ rẹ̀ ga.

Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú ti WhatsApp tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, kì í jẹ dátà púpọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já ló ń gé ohùn mọ́ni lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, èyí tó dúró ṣinṣin ni kó wá, kì í ṣe èyí tó kàn yára.

Àmọ́ bí iná bá lọ, tí kò sí bátìrì, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì á kú, ìpè á sì dákẹ́. WhatsApp kò sì lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ewu bá dé lóru, fóònù tó ní síìmù ni onílé yóò fi pè é, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò yẹ kí ilé kankan tìtorí íntánẹ́ẹ̀tì pa síìmù tì.