Àwọn Tí A Fà Dìde Lórí Ìkúnlẹ̀: Ìtàn Ìjọ Bethel ti Philadelphia

Ẹ̀yin òbí wa ní òkè òkun, bí ọmọ yín bá bi yín léèrè pé kí ló dé tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ́tọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ń sìn, ìtàn ìjọ Bethel ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Ọkùnrin méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A bí Richard Allen sínú ẹrú ní ọdún 1760. Ó gé igi, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì, títí ó fi san owó tí ó fi ra ara rẹ̀ padà. Absalom Jones, tí a bí ní ọdún 1746, ra ìyàwó rẹ̀ padà kí òun fúnra rẹ̀ tó gba òmìnira ní ọdún 1784. Ọgbọ́n òbí ni èyí, nítorí òfin ìgbà náà ni pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún: ẹrú ni ọmọ ẹrúbìnrin.

Ní Philadelphia, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì St. George's ni àwọn méjèèjì ń lọ. Allen ń wàásù níbẹ̀. Ní ọdún 1787 wọ́n dá Free African Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń dá owó láti ran opó, ọmọ òrukàn àti aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n tún dá owó nígbà tí ìjọ náà ń tún ilẹ̀ ilé ṣe, tí ó sì ń kọ́ ìjókòó òkè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí àwọn onítàn òde òní fi sí nǹkan bí ọdún 1792, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí alámòójútó ìjọ kan di Jones mú, tí ó ń fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ààyè rẹ̀. Jones bẹ̀ ẹ́ pé kí àdúrà parí ná, ó kọ̀. Bí wọ́n ti ṣe àmín, gbogbo wọn dìde, wọ́n sì jáde.

Ní ọdún 1793 ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ wọ ìlú náà, ó sì pa nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Àwọn dókítà rò pé kì í ran aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n fún ìrànlọ́wọ́. Jones àti Allen kó ènìyàn jọ. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n sin òkú. Èrò àwọn dókítà kò rí bẹ́ẹ̀: ó lé ní 200 aláwọ̀ dúdú tí ó kú. Lẹ́yìn èyí ni òǹtẹ̀wé kan, Mathew Carey, kọ ọ́ pé àwọn kan nínú wọn jalè, wọ́n sì gba owó gọbọi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní ọdún 1794 wọ́n tẹ ìwé jáde, wọ́n sì ka iye tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n ná síta: wọ́n ná ju ohun tí wọ́n gbà lọ.

Ọdún náà ni Allen fi ẹṣin wọ́ ilé alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kan wá sórí ilẹ̀ tí ó ti rà, ó sì sọ ọ́ di Bethel. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1796, oníwàásù funfun kan ni ó bá wọn kọ ìwé ìdásílẹ̀ ìjọ, ìwé náà sì fi ilé wọn sábẹ́ àṣẹ àwọn aláwọ̀ funfun. Ogún ọdún ni ìjà náà gbà kí ilé ẹjọ́ Pennsylvania tó dá wọn láre ní ọdún 1816. Ní ọdún kan náà, àwọn ìjọ mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn láti dá African Methodist Episcopal sílẹ̀. Allen sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ní Bethel ni nǹkan bí 3,000 ènìyàn ti péjọ ní oṣù kìíní ọdún 1817, tí wọ́n kọ ètò láti kó àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira kúrò ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí àwọn baba wọn fi òógùn ro, wọ́n ní ilé àwọn ni.

Ìjọ Bethel ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2009 ó padà lọ jọ́sìn ní St. George's, ibi tí a ti fa Jones dìde. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n wà kọ́ ni ààyè wọn, kí wọ́n má bínú lásán. Kí wọ́n parí àdúrà wọn, kí wọ́n ní àkọsílẹ̀ owó wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì ka ìwé dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.