Ìtàn Ọ̀làjú Àwọn Òyìnbó àti Àwọn Ilé Tí A Wó ní Zangouettin

Àwọn kan a máa béèrè pé èrè wo ni ó wà nínú kí ọmọ Áfíríkà máa kọ́ ìtàn ọ̀làjú àwọn Òyìnbó ti ayé òde òní. Wọ́n ní àwọn ọba ilẹ̀ Faransé kì í ṣe bàbá wa, ogun tí wọ́n jà kì í sì í ṣe ogun wa. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàì ní ìdí, nítorí pé ní ayé ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ ìtàn ìlú onílùú ju ti ìlú bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó gbé e ṣubú níláti wo ẹ̀yìn dé ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí á fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Zangouettin ni orúkọ rẹ̀; àárín Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni ó sì wà. Nínú orúkọ náà ni a ti gbọ́ zango, ọ̀rọ̀ Haúsá fún ibùdó tí àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Haúsá àti àwọn àlejò mìíràn tẹ̀dó sí láàrin àwọn Mossi tí wọ́n ni ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sábó ti rí ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba Ààrẹ Blaise Compaoré wó Zangouettin àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, kí a lè kọ́ ilé ìṣòwò àti ilé iṣẹ́ ìjọba sí ibẹ̀. ZACA ni wọ́n pe ètò náà. Àwọn onílé fi ẹ̀hónú hàn, síbẹ̀ a wó ilé wọn. A pín ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìhà Ouaga 2000, níbi tí ó jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a gbà náà fi wà lásán.

Níbo ni èrò yìí ti wá, pé ìlú kò lè ní ọlá àfi bí a bá kó mẹ̀kúnnù kúrò ní àárín rẹ̀? Kì í ṣe Ouagadougou ni ó ti kọ́kọ́ hù. Ní ọdún 1853, Napoleon Kẹta, ọba ilẹ̀ Faransé, fi Haussmann ṣe olórí àgbègbè Párísì. Títí di ọdún 1870 ni ọkùnrin yìí fi ń wó àwọn àdúgbò tí ó há, tí ó ń la òpópónà gbọọrọ, tí ó ń gbẹ́ gọ́tà sí abẹ́ ilẹ̀, tí ó sì ń fa omi mímọ́ wọ ìlú. Àìsàn onígbáméjì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Párísì ní ọdún 1832 àti 1849. Nítorí náà, irọ́ ni bí a bá sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò. Ṣùgbọ́n owó ilé gbówó lórí, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì lè dúró ní àárín ìlú mọ́. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ìlera àti ìlénikúrò jọ wọlé ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ka ìdajì ìtàn yìí yóò rò pé òpópónà gbọọrọ nìkan ni ọ̀làjú.

Èrò náà sọdá òkun wá bá wa. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ní ọdún 1928 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa tún ìlú náà ṣe. Nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé, láti ọdún 1955, a bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó kí olú-ìlú lè dára lójú àlejò, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ó fi hàn pé àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, agbo ilé sì túká. Ohun tí Párísì rí ni Èkó rí, òun náà ni Zangouettin sì rí. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí a wó Zangouettin, ó ti lé ní ogójì ọdún tí ilẹ̀ náà ti gba òmìnira. Òyìnbó ti lọ, èrò rẹ̀ kò lọ.

Ẹ tún wo ọ̀ràn mìíràn. Ní ọdún 1932, ìjọba Faransé fi àṣẹ kan pa ilẹ̀ Haute-Volta rẹ́, ó sì pín in fún Côte d'Ivoire, Niger àti Sudan ti Faransé, tí à ń pè ní Mali lónìí. Ouagadougou, tí ó jẹ́ olú-ìlú láti ọdún 1919, di ìlú kan lásán lábẹ́ Côte d'Ivoire. Kí ni ó fà á? Láti ọdún 1900 ni òfin Faransé ti pàṣẹ pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ìjọba rẹ̀. Nígbà tí òwò dojúdé ní New York ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, ìyà náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò gbogbo ayé. Owó Haute-Volta kò sì tó ná mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóko ńlá ní Côte d'Ivoire ń wá òṣìṣẹ́, ilẹ̀ Mossi ni wọ́n sì ń wò. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá. Ọdún 1947 ni Haute-Volta tó padà sí ipò rẹ̀. Ọmọ Ouagadougou tí kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Párísì àti New York kò lè mọ ìdí tí orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ fi parẹ́ fún ọdún márùndínlógún.

Àwọn àgbà òpìtàn wa ti mọ èyí. Joseph Ki-Zerbo, tí a bí ní Toma ní ọdún 1922, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Párísì, ó sì gba oyè agrégation ní ọdún 1956. Ní ọdún yẹn gan-an ni Kenneth Dike ti Ìbàdàn tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹnu odò Ọya. Àwọn méjèèjì kọ́ ìtàn àwọn Òyìnbó dé ojú àmì, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbọ́n ìwé àtijọ́ yẹ̀wò, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ wọn. Ki-Zerbo tẹ ìtàn Áfíríkà adúláwọ̀ jáde ní ọdún 1972. Òun náà ni ó ṣe olóòtú ìwé kìn-ín-ní nínú ìtàn Áfíríkà tí UNESCO ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1981, níbi tí a ti ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sí ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí a ti ka ìwé sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kì í ṣe kí ọmọ wa lè máa ka orúkọ ọba Faransé lórí ni ó fi yẹ kí ó kọ́ ìtàn yìí, kì í sì í ṣe kí ó lè máa bú Òyìnbó. Ó yẹ kí ó kọ́ ọ kí ó lè béèrè lọ́wọ́ ohun tuntun gbogbo pé: ta ni ó jèrè rẹ̀, ta ni ó san owó rẹ̀, ọ̀nà wo ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ní ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá tún gbé àwòrán ìlú tuntun wá, tí wọ́n ní ọ̀làjú ni, ẹni tí ó bá mọ ìtàn kò ní kọ gọ́tà àti omi mímọ́. Yóò gbà á, yóò sì béèrè níwájú gbogbo ènìyàn ibi tí àwọn onílé yóò sùn.